Ìwé Ìbí Àwọn Baba Ńlá Wa ní Òkè Òkun: Ohun Tí Àwọn Ará Abẹ́òkúta Máa Ń Béèrè

Àwọn ìdílé láti Àké, Ìgbẹ̀ìn, Ìtẹ̀sí, Òwu àti Òkè-Ìléwó ló ń bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí lemọ́lemọ́. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Ṣé lóòótọ́ ni mo lè rí ìwé ìbí baba ńlá mi tí wọ́n bí sí òkè òkun?

Ibi tí wọ́n bí i sí àti ọdún tí wọ́n bí i ló máa sọ. Tó bá jẹ́ London ní 1958, ìwé rẹ̀ wà, ẹ ó sì rí i gbà láìkúrò ní Abẹ́òkúta. Tó bá jẹ́ Freetown ní 1835, ìwé ìrìbọmi ni kí ẹ máa retí, tàbí ìwé ìgbéyàwó, tàbí orúkọ òbí rẹ̀ nínú ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Tó bá jẹ́ Kumasi ní 1931, tó sì jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti gbẹ̀bí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ná owó dànù torí pé "ìwé ìbí" nìkan ni wọ́n tẹnu mọ́. Ìwé tó bá lè jẹ́rìí pé ẹni yìí wà láyé, pé ọmọ lágbájá ni, ni kí ẹ máa wá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí orí rẹ̀.

Kí ni kí n ní lọ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọdún ìbí rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ àfojúbù, àti ìlú tàbí abúlé tí wọ́n bí i sí. "Ìlú òyìnbó" kì í ṣe àdírẹ́sì. "Sàró", ìyẹn Sierra Leone, náà kì í ṣe àdírẹ́sì. Kò sí ọ́fíìsì kan tó máa bá yín wá "Johnson, Sàró".

Ilé ni ẹ ó ti kọ́kọ́ wá a. Ẹ ṣí Bíbélì ìdílé tó ti gbó, kí ẹ wo àwọn ojú ewé òfìfo tó wà níwájú àti lẹ́yìn: ibẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ẹ wá ìwé ètò ìsìnkú. Àwa Ẹ̀gbá kì í fi ìsìnkú ṣeré, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú rẹ̀ sì máa ń dárúkọ ilé ìwé, ìlú àti òbí tí kò sí ẹni tó rántí wọn mọ́ lónìí. Ẹ lọ ka ohun tó wà lórí sàréè nínú ọgbà ìjọ, kí ẹ sì yà á ní fọ́tò, torí pé òjò ń fọ lẹ́tà rẹ̀ nù lọ́dọọdún.

Tí ẹ bá jókòó ti ìyá àgbà, ẹ má bi í pé ọdún wo ni. Ẹ bi í pé ṣé wọ́n ti bí bàbá kí Ogun Adùbí tó ṣẹlẹ̀, èyí jẹ́ 1918; ṣé ó ti ń rìn nígbà tí àwọn obìnrin mú kí Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀, èyí jẹ́ 1949. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè dáhùn láìṣì, ẹ̀yin náà á sì rí ọdún fà yọ nínú rẹ̀.

Wọ́n ní Sàró ni wá. Kí ni ìyẹn ń sọ fún mi nípa ibi tí ìwé wà?

Ó sọ púpọ̀. Lẹ́yìn òfin 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fi ka òwò ẹrú léèwọ̀, ọkọ̀ ogun wọn ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn inú wọn lọ sí Freetown. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tí ogun kó nígbà tí ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá tú ṣe bá ara wọn ní Sierra Leone. Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, wọ́n gba Badagry kọjá, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dé ìlú wa ní January 1843, àwọn Sàró ti ń gbé níbẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé irú èèyàn mẹ́ta ni ẹ lè máa wá. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò ní ìwé ìbí níbikíbi; orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni ẹ̀rí tó ní. Ọmọ tó bí sí Freetown tàbí sí àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ní ìwé ìrìbọmi níbẹ̀. Ọmọ ọmọ tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta, ìwé ìjọ níbí ló kàn. Ọ̀pọ̀ ló ń wá ẹni kẹta ní ibi tó yẹ kí wọ́n ti wá ẹni kejì.

Ohun kan tún wà. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta dó. Ẹni tí wọ́n kó ní 1824 kò mọ ibì kan tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta rí. Ìgbẹ̀ìn, Ìkìjà, Ìtókò tàbí Òwu ló máa pè ní ìlú rẹ̀, ìyẹn ìlú àtijọ́ wọn, kì í ṣe àdúgbò tí à ń gbé lónìí. Tí ẹnì kan bá mú ìwé wá tó ní wọ́n bí baba ńlá yín "ní Abẹ́òkúta ní 1822", ẹ rọra.

Cole (tàbí Coker, Williams, Davies, Macaulay) ni orúkọ ìdílé wa. Ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wa?

Rárá o. Orúkọ míṣọ́nnárì, ti gómìnà, ti ọ̀gá ilé ìwé tàbí ti òyìnbó tó ń san owó ilé ìwé ọmọ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ní Sierra Leone. Àjàyí ará Òṣogùn di Samuel Crowther nígbà ìrìbọmi ní 1825, torí pé òyìnbó àlùfáà kan wà ní London tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni méjì tó ń jẹ́ Cole lè jẹ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà tí wọn kò pàdé rí.

Oríkì orílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Tí àwọn Cole kan bá ń ki ara wọn ní ọ̀nà tí ẹ̀yin kì í gbà ki ara yín, ẹ má tíì kó orúkọ baba wọn sínú ìwé ìdílé yín.

Irú ìwé wo gan-an ló wà ní Freetown?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀, láti 1808 dé 1848. Ó wà ní Sierra Leone Public Archives, nínú ọgbà Fourah Bay College. Ẹ̀dà púpọ̀ nínú rẹ̀ tún wà ní The National Archives ní Kew, ní London. Bó ṣe rí ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí tí akọ̀wé fojú bù, gíga ní ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì, lẹ́yìn náà àpèjúwe ara. Níbi àpèjúwe yìí ni ilà ojú ti máa ń jáde, tàbí àpá tó wà ní àyà tàbí ní apá. Orúkọ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n bá a nínú rẹ̀ wà lókè ojú ewé.

Ẹ kò nílò páásípọ̀ọ̀tù láti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. British Library ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ ìwé náà lábẹ́ ètò wọn fún àwọn ìwé tó wà nínú ewu, Endangered Archives Programme, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkànnì Slave Voyages ní orúkọ tó lé ní 90,000 láti Freetown àti Havana, ẹ sì lè fi orúkọ, ọjọ́ orí tàbí orúkọ ọkọ̀ wá a lórí fóònù yín.

Ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ: Freetown fúnra rẹ̀, àti àwọn abúlé bíi Regent, Hastings, Waterloo, Wellington, Kissy àti Wilberforce. Abúlé yìí ni kí ẹ béèrè nílé. Ìdílé tó bá mọ̀ pé "Hastings" ni bàbá ti wá ti gé iṣẹ́ rẹ̀ sí ìdajì. Tí ẹni tí ẹ ń wá bá jẹ́ ti ayé òde òní, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwé ìbí ní Sierra Leone báyìí ni National Civil Registration Authority, tí òfin 2016 dá sílẹ̀.

Orúkọ Yorùbá rèé, àmọ́ òyìnbó ló kọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?

Ẹ kà á sókè, ẹ má fi ojú kà á. Akọ̀wé tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tí etí rẹ̀ mú ló kọ. Àjàyí di Adjai, àní Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Gb" lè di "b" tàbí "g" lásán. "Ṣ" lè di "sh" tàbí "s". "Ọ̀" lè di "aw", "or" tàbí "a". Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ lè pòórá pátápátá, kí Ògúndípẹ̀ wà lábẹ́ lẹ́tà G. Títí di ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, àwọn tó gbọ́ Yorùbá pàápàá kò fẹnu kò sórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́.

Wàhálà kejì ni pé orúkọ àmútọ̀runwá pọ̀ níbẹ̀ jù: Òjó, Àìná, Táíwò, Ìgè, Dàda, Àjàyí. Tí ẹ bá rí ogójì Òjó, kò sí èyí tó di bàbá yín títí ìwé mìíràn á fi jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ orí, ọdún tí ọkọ̀ dé àti ilà ojú ni ẹ ó fi máa yọ wọ́n kúrò níkọ̀ọ̀kan. A ti rí ẹni tó yan Òjó tó wù ú, tó sì ti tẹ kàlẹ́ńdà ìdílé jáde.

Ṣé kò sí ìwé kankan ní Abẹ́òkúta níbí?

Ó wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1846 tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti fìdí kalẹ̀ ni ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ti ń wọ inú ìwé. Ẹ lọ bá fíkà tàbí akọ̀wé ìjọ yín, ní Àké, Ìgbẹ̀ìn, Ìkìjà tàbí Òwu. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, ẹ kọ orúkọ àti ọdún tí ẹ ń wá, ẹ má sì retí pé kí wọ́n gbé ìwé náà fún yín lọ sílé.

Ìfọ́lé, October 1867, ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Wọ́n wó ilé ìjọ, wọ́n kó dúkìá, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ìwé ìjọ yín má pé fún ọdún tó ṣáájú 1867. Ohun tó lè dí àlàfo náà ni lẹ́tà àti ìwé ìròyìn iṣẹ́ tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn katikíìsì Sàró bíi Andrew Wilhelm fi ń ránṣẹ́ sí London. Wọ́n dárúkọ èèyàn púpọ̀ níbẹ̀: ẹni tí wọ́n rì bọmi, ẹni tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Ilé ìkówèésí Cadbury ní Yunifásítì Birmingham ni ti CMS wà. Ti àwọn Wẹ́sílé wà ní yunifásítì SOAS, London. Ìwé CMS tún wà ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ọkọ̀ láti Kútọ̀ á sì gbé yín débẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Mùsùlùmí ni ìdílé wa. Ṣé ọ̀nà ti dí?

Kò dí. Ìwé àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ní Freetown, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Aku, gbé ní Fourah Bay àti Fula Town. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún ni kí ẹ béèrè níbẹ̀ dípò ìrìbọmi. Nílé, ẹ bi àwọn ọmọ àlùfáà àgbà bóyá ìwé bàbá wọn ṣì wà, torí àwọn kan máa ń fi àjámì, ìyẹn Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, kọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Tí ọdún Hijra bá wà níbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: ọdún yẹn fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju tiwa lọ, nítorí náà ẹ kò lè kàn yọ nọ́ńbà kan náà kúrò nínú gbogbo ọdún.

Bàbá àgbà mi lọ kàwé ní London, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí bàbá mi sí. Báwo ni mo ṣe máa gba ìwé ìbí rẹ̀?

Èyí ló rọrùn jù. England àti Wales ti ń kọ ìbí sílẹ̀ láti July 1, 1837. Scotland bẹ̀rẹ̀ ní 1855, ó sì ní ìkànnì tirẹ̀, ScotlandsPeople. Fún England àti Wales, General Register Office ni kí ẹ kọ̀wé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé kan jẹ́ 12.50 pọ́n-ùn bí a ṣe ń kọ èyí, wọ́n sì máa ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà.

Ẹ béèrè ìwé ìbí tó gùn. Láti 1947 ni ìwé kúkúrú kan ti wà tí kò ní orúkọ òbí nínú, bébà tó dára ni, àmọ́ kò lè fi hàn pé ọmọ ẹnikẹ́ni ni yín. Tí kò bá tíì tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n á ní kí ẹ sọ ọjọ́ ìbí gan-an, ibi tí wọ́n bí i sí àti orúkọ òbí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni lè gbà á láìsọ ìdí.

Mo ti wá a nínú atọ́ka wọn, n kò rí i. Ṣé kò sí nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó wà. Ìkànnì FreeBMD gba yín láyè láti wo atọ́ka lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Títí dé òpin 1983, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín ọdún sí, ọjọ́ tí òbí lọ forúkọ sílẹ̀ sì ni wọ́n fi tò ó, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Òfin fún òbí ní ọjọ́ 42. Ọmọ tí wọ́n bí ní December 12, 1961 lè wà nínú ti January sí March 1962. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti wá 1961 títí tó fi sú wọn.

Orúkọ náà lè dorí kodò. Akọ̀wé tó rí "Adéṣínà Olúwọlé" lè mú Olúwọlé bí orúkọ ìdílé. Ẹ wá a lábẹ́ gbogbo orúkọ tí ọmọ náà ní, àti lábẹ́ orúkọ bàbá bàbá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ ìyá rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ wá a: láti apá kejì 1911 ni orúkọ yẹn ti wà nínú atọ́ka gbogbo ènìyàn, òun sì ni wọ́n sábà máa ń kọ dáadáa jù. Ibi tí ilé ìwòsàn wà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe ibi tí òbí ń gbé. Ẹni tó gbé ní Peckham lè bímọ sí àdúgbò mìíràn.

Wọ́n gbé bàbá mi fún òyìnbó tọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ṣé orúkọ òyìnbó náà ló máa wà nínú ìwé?

Ní 1950s sí 1970s, ọ̀pọ̀ òbí tó ń kàwé tó sì ń ṣiṣẹ́ gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó ní Kent, Sussex àti ibòmíràn, wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbàtọ́ lásán nìyẹn. Kò yí ìwé ìbí padà, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kóòtù ló gbà á ṣe ọmọ fún wọn, ìyẹn yàtọ̀: ìwé mìíràn wà fún un, wọ́n á sì kọ "Adopted" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni náà fúnra rẹ̀, tó bá ti dàgbà, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ti àkọ́kọ́.

Ghana ni wọ́n bí ìyá mi sí, wọ́n sì lé wọn wálé.

November 18, 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ sá láìmú bébà kankan dání, torí náà kò yẹ kó ya yín lẹ́nu pé kò sí nǹkan nínú àpótí. Gold Coast, ìyẹn Ghana nígbà ayé Gẹ̀ẹ́sì, ti ní òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí láti 1912, àmọ́ àwọn ìlú kan péré ló kàn; òfin 1965 ló gbé e ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn ní Accra tàbí Kumasi ní ìrètí. Ọmọ tí wọ́n bí sí abà kòkó, ẹ lọ wo ìwé ìrìbọmi ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tàbí ti Àgùdà, àti ìwé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé ilé ìwé máa ń ní ọjọ́ ìbí àti orúkọ bàbá, wọn kì í sì í tètè sun ún.

Àbíjáǹ tàbí Porto-Novo ńkọ́?

Ètò tí àwọn Faransé fi lélẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Ẹ béèrè "acte de naissance", ìyẹn ìwé ìbí, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí wọ́n bí i sí. Tí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, kóòtù lè gbọ́ ẹlẹ́rìí, kó sì ṣe "jugement supplétif" tó máa dúró fún un. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ Faransé dání.

Àgùdà ni baba ńlá wa, láti Bàhíà ní Brazil. Ṣé ẹrú ní ìwé ìbí?

Ìrìbọmi ló ní. Brazil kò bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ìbí ní gbogbo orílẹ̀-èdè títí di January 1889. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé ìjọ Àgùdà ni. Wọ́n máa ń kọ ẹrú sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìrìbọmi kan ṣoṣo, orúkọ olówó rẹ̀, àti ẹ̀yà rẹ̀: "nagô" ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Nítorí náà, "da Silva" tí ẹ̀ ń jẹ́ lè má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ wá orúkọ ìrìbọmi pẹ̀lú orúkọ olówó.

Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Áfíríkà tó wà níbẹ̀, ní January 1835 ni wọ́n padà wálé, ìwé àṣẹ ìrìn-àjò wọn lè wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìpínlẹ̀ Bàhíà, ní Salvador. Wọ́n á sọ fún yín pé Rui Barbosa, mínísítà ìṣúná Brazil, ti sun gbogbo ìwé ẹrú ní 1890. Òótọ́ ni pé ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé owó orí àti ti ilé ìṣúra ìjọba ló kàn, kì í ṣe ìwé ìjọ. FamilySearch, tí ìjọ Mọ́mọ̀nì ń bójú tó, ti ya àwòrán púpọ̀ nínú ìwé ìrìbọmi náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé òkè òkun kò bá èyí tí bàbá mi ń lò mu. Èwo ni ká gbà?

Èyí tí wọ́n kọ nígbà tó súnmọ́ ìbí jù. Gbogbo wa la mọ ọjọ́ orí ìjọba: ọ̀pọ̀ àgbà ló gé ọdún mélòó kan kúrò kí wọ́n lè wọ ilé ìwé tàbí kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àfidáfíìtì tí wọ́n bú ní kóòtù Ìsàbọ̀ ní 1978 kò lè borí ìwé tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí ní London ní 1953.

Ẹ má yí èyíkéyìí padà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ náà bẹ́ẹ̀. Frances Abigail Thomas ni wọ́n pe ọmọbìnrin tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ẹni tó bá ń fi orúkọ tó kú lé nìkan wá a nínú ìwé 1900 lè kọjá lára rẹ̀.

Ẹnì kan ní òun ní èèyàn nínú ọ́fíìsì tó lè bá mi gbé e jáde.

Tí ìwé náà bá wà, ẹ̀yin náà lè gbà á ní iye tí ìjọba kọ sílẹ̀. Tí kò bá sí, kí ni èèyàn rẹ̀ máa gbé jáde? Ẹ lè sanwó fún ẹni tó ń gbé Freetown tàbí London láti jókòó wá ìwé fún yín, iṣẹ́ gidi nìyẹn, àmọ́ kó ya fọ́tò ojú ewé náà látòkè délẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé. Ẹni tó bá fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ ti fi nǹkan pamọ́.

Ṣé àyẹ̀wò DNA kò ní parí gbogbo rẹ̀?

Ó lè fi ìbátan yín tó wà ní Freetown, ní Bàhíà tàbí ní Amẹ́ríkà hàn yín, ìyẹn sì ti ran àwọn kan lọ́wọ́. Kò lè sọ orúkọ baba ńlá yín, kò sì lè ya Ẹ̀gbá sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjẹ̀bú. Ìwé ló ń ṣe ìyẹn.

Tí mo bá rí i pé London ni wọ́n bí bàbá àgbà mi sí, ṣé mo ti di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì?

Bóyá lẹ́ ó di í. Ẹ wo ìran tó wà láàárín. Ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú January 1, 1983 jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ní gbogbogbòò, láìka ti òbí rẹ̀ sí, àyàfi bí òbí bá jẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀. Ọmọ tí ẹni yẹn bí sí Abẹ́òkúta lè jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nípa ìran, bí ìgbéyàwó òbí àti ọdún ìbí bá bá òfin mu. Ibẹ̀ ni ó sábà máa ń dúró sí. Ọmọ ọmọ tí wọ́n bí sí Nàìjíríà kì í rí i jogún lásán.

Àmọ́ físà kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, UK Ancestry. Ó wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth, Nàìjíríà sì wà lára wọn, tó ti pé ọdún 17, tó lè ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún márùn-ún ni. Wọ́n á béèrè ìwé ìbí tó gùn ti àgbà náà, ti òbí yín àti ti yín, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó níbi tí orúkọ ti yí padà. Ireland ní tirẹ̀: ẹni tí òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ireland tí wọ́n bí sí erékùṣù náà lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń já kì í ṣe London. Ìwé 1955 ti London á dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìwé ìbí òbí yín tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní 1980 ni kò ní sí. Àjọ National Population Commission lè fún un ní ìwé ìjẹ́rìí ìbí, àmọ́ ẹ wá ìwé ìrìbọmi, káàdì ilé ìwòsàn tàbí ìwé ilé ìwé láti fi tì í lẹ́yìn. Kí ẹ tó san owó físà, ẹ fi gbogbo rẹ̀ han lọ́yà tó mọ òfin ìwọlé-wọ̀de ibẹ̀.

Ìwé tí mo rí fi hàn pé ìlà tiwa ló dàgbà jù. Ṣé mo lè fi gba ilẹ̀ tàbí oyè ìdílé?

Ìwé ìrìbọmi Freetown lè fi hàn pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ ẹnì kan. Kò sọ ẹni tó kọ́kọ́ ro ilẹ̀ ní Ìbàrà, kò sì sọ ẹni tí oyè kàn. Ní 1976 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu ìdílé sì wà lára wọn. Ìwé yín lè ti irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, tàbí kó tú u. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó ní kóòtù, ẹ̀dà tí ilé ìpamọ́ fi òǹtẹ̀ lù ni kí ẹ gbà. Àwòrán orí fóònù kò tó.

Kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí àti àwọn àgbà ilé, kí ẹ sì kà á fún wọn. Nígbà míì, ẹni tí ìwé pè ní àkọ́bí ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọn kò rì bọmi rárá torí pé ó ń bọ Ògún títí ó fi kú. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n ń gbé.